Bí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Ṣe Ń Mu Omi ní Adágún Jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ẹni tí ọmọ bá ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, kó rọra wá ibi jókòó sí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Èmi Ọdẹ́níyì, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ará Òkè-Ìgbín, èmi tí mo ti rìn nínú igbó fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta, tí ẹfọ̀n mọ òórùn mi, tí ìmàdò sì mọ ìró ẹsẹ̀ mi, èmi ni mo wọ Igbó Àpárá lọ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn dípò ìbọn léjìká, tí mo sì padà wá. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran tí mo pa nínú ìrìn àjò náà, gbogbo yín lẹ lè jẹ nínú rẹ̀, kò sì ní tán.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ọdẹ ṣe di ayàwòrán. Ọ̀mọ̀wé Ṣíyanbọ́lá ló fà á, obìnrin kan tó máa ń wá ka iye ẹyẹ inú igbó wa lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi mú un rìn, nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò sì gbà á mọ́, ó fún mi ní kámẹ́rà rẹ̀, ó kọ́ mi ní ìlò rẹ̀. Kámẹ́rà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ya ìyàwó. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti ya ẹgbẹ̀rún àwòrán, bí o bá sì ń wo fídíò rẹ̀ padà, ohun tó kọjá bí mànàmáná á máa rìn bí ìgbín. Ọ̀mọ̀wé wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní, "Bàbá, bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá yára, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá ojú ohun náà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yí òrùka ẹnu awò rẹ̀ títí ibi tí ohun náà máa gbà yóò fi hàn kedere, kí ohun náà tó dé rárá." Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí yíyé, ẹ ó rí i.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló rán mi níṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀. Àìsàn ojú kan ló ń ṣe é, èyí tó ń jalè láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín. Àwọn dókítà ti sọ fún wa pé ohun tó bá ti lọ, kò ní padà mọ́, àti pé ohun tó kù náà ń lọ. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ó ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò ọparun, ihò náà sì ń kéré sí i lóṣooṣù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, mo sì ń wo bí ìka rẹ̀ ṣe ń mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹ̀wà.

Ó ní, "Bàbá Ayọ̀kúnlé, ohun kan wà tí mo fẹ́ rí kí ihò yìí tó dí."

Mo ní, "Sọ ọ́, Àwẹ̀ró."

"Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kì í bà sílẹ̀ kó tó mu omi. Ó ní orí ìfò ló ti ń mu ún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń jókòó sétí odò títí ọrùn á fi máa ro mí, n kò rí i rí. Bí mo bá fi máa wò ó, ó ti lọ, omi nìkan ló ń mì."

Mo ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ rí? Mo rò pé o máa ní ojú àwọn ọmọ wa ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú àwọn ọmọ mi ti wà lọ́kàn mi. Tiyín náà wà níbẹ̀. Èyí ni n kò ní."

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyàwó gbé fún ọdún márùndínlógójì, ẹ sọ fún mi, kí ni ènìyàn ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo dìde, mo fi bátìrì méjì sínú àpò, mo mú ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, mo mú gààrí àti ẹran gbígbẹ. Odò ìtòsí wa kò lè ṣe é, nítorí àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀ kò jẹ́ kí omi rẹ̀ sinmi. Adágún Jẹ́jẹ́ ni mo gbà lọ, èyí tó wà láàárín gbùngbùn Igbó Àpárá, níbi tí àwọn baba wa sọ pé omi rẹ̀ ń dúró bí dígí, tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì ń wá mu ún lọ́sàn-án gangan.

N kò ní fi ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi rìn dí yín lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo dé ibi tí ọ̀nà ti há láàárín àpáta méjì, ẹnì kan sì jókòó síbẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ènìyàn ni tàbí iwin. Ojú ló fi bora. Ojú wà ní orúnkún rẹ̀, ojú wà ní ìgbọ̀nwọ́, ojú wà láàárín ìka ẹsẹ̀, kò sì sí èyí tó ń wo ibi tí èkejì ń wò. Ọ̀kan ń wò mí, ọ̀kan ń wo èèrà, ọ̀kan ń wo òfuurufú, gbogbo wọn ń yí bí ẹ̀wà tó ń hó nínú ìkòkò.

Ó ní, "Wòhín-wọ̀hún lorúkọ mi. Igba ojú ni mo ní, mo sì ń wá méjì sí i. Méjì tó wà lórí rẹ yẹn dára. Bọ́ wọn fún mi kí o máa kọjá."

Mo ti bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró rí, ẹkùn ló sì yà fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo rántí ẹni tó ń dúró dè mí nílé, mo mọ̀ pé bí ojú méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ mi bá lọ, a ò ní ní ojú kankan mọ́ nínú ilé wa. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ máa rí ohun gbogbo."

"Mo mọ̀ pé ò ń rí ohun gbogbo. Ṣé o ti rí ohun kan rí?"

Ó ní, "Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ohun kan ṣoṣo. Ewé gbígbẹ kan rọ̀ lórí ẹ̀ka yẹn, ó kù díẹ̀ kó já. Bí gbogbo ojú rẹ bá lè wò ó láìyẹ̀ títí yóò fi já, mo fún ọ ní méjèèjì tèmi. Bí wọn kò bá rí i nígbà tó bá ń já, mo kọjá."

Ó ní ìyẹn kò le. Ó kó igba ojú jọ sórí ewé náà, mo sì rí i pé ó ń làágùn. Kò pẹ́, labalábá kan fò kọjá, ọgbọ̀n ojú bá a lọ. Ọ̀bọ kan wúkọ́ lórí igi, àádọ́ta ojú yí sí i. Àwọn tó kù ń jowú, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn rí. Àsìkò yẹn gan-an ni ewé já, ó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kò sí ojú kan tó rí i.

Wòhín-wọ̀hún ní, "Ṣé ó ti já?"

Mo ní, "Ìwọ lo ní igba ojú."

Inú bí i, ó na ọwọ́ olójú sí mi, mo sì gbá eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì pa òfo, ká má tíì sọ ti ẹni tó ń lé igba. Ó ń lé mi, ṣùgbọ́n gbogbo ojú rẹ̀ ń fi ọ̀nà tiwọn hàn án, ó ń kọlu igi lọ́tùn-ún lósì, mo sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó dùn mí ni pé mo ṣubú sínú ìṣàn kan bí mo ṣe ń sáré. Kámẹ́rà kò kan omi, mo gbé e sókè bí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n àpò mi já, bátìrì kan bá omi lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí mo dé Adágún Jẹ́jẹ́, mo dúró, mo ṣí fìlà. Igi ńláńlá yí i ká, ihò kan sì wà lókè láàárín ewé tí oòrùn ń gbà wọlé. Omi náà kò mì rárá. Obìnrin arúgbó kan jókòó sínú rẹ̀ títí dé ìbàdí, irun orí rẹ̀ dà bí ewédò, ara rẹ̀ sì ń dán bí òkúta tí omi ti ń fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó rọra sọ̀rọ̀. "Rọra tẹ ilẹ̀, ọdẹ. Omi yìí ń sùn."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá." Mo sọ iṣẹ́ tí mo bá wá fún un, n kò sì fi ọ̀kankan pa mọ́.

Ó ní, "Èmi ni mo ni omi yìí. Bí mo bá ní kó rú, kò sí ẹyẹ tó máa sún mọ́ ọn. Já àlọ́ mi ná. Kí ni à ń bí, tó ń dìde, tó ń lọ, kí ìyá rẹ̀ tó pe orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Mànàmáná ni."

Ó mi orí. "Ọmọ mi ni." Ó nawọ́ sí igi kan tó tẹ̀ sórí adágún. Láti ṣóńṣó ewé rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nígbàkígbà tí ẹ̀kán omi yẹn bá balẹ̀, ọmọ mi á dìde níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, á ní 'tó'. Bí mo bá fi máa yíjú, ó ti lọ. Láti ìgbà tí igi yìí kò tíì ga ju orúnkún lọ ni mo ti ń yíjú, n kò rí ojú rẹ̀ rí. Fi ojú ọmọ mi hàn mí, n ó fún ọ ní ẹyẹ rẹ."

Ẹ̀yin ará, mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo fi oríkunkun jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wá ojú. Omi kán, mo yà á, mo mú un lọ fún Ìyá Adágún. Ó wo ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́. Ewéko tó wà lókè bèbè, lẹ́yìn ọmọ náà lọ́hùn-ún, hàn gaara, ènìyàn lè ka iṣan ewé rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ohun kan ṣú bí èéfín.

Ó ní, "Ewéko yìí rẹwà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bí i."

Ojú tì mí. Mo pa wíwá-ojú tirẹ̀, mo fi ọwọ́ yí òrùka awò títí ojú omi fi hàn kedere, mo tún yà á. Síbẹ̀, ó ṣú. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin tí ẹ kò lo kámẹ́rà rí. Ohun èlò tó ń ya ohun tó yára ń jẹ ìmọ́lẹ̀ bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, inú igbó sì ṣú díẹ̀, nítorí náà mo ti la ihò inú awò náà sílẹ̀ gbàgàdà. Bí ihò yẹn bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí nǹkan ti ń hàn kedere ṣe ń tín-ín-rín tó. Ohun tó fi ìka kan wà níwájú rẹ̀ á ṣú, ohun tó fi ìka kan wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣú. Mo ti rí ojú omi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tó wà nítòsí ibi tí ẹ̀kán ń bọ́ sí ni mo rí, n kò rí ibẹ̀ gan-an. Ọdẹ tó ta ọfà sí ẹ̀gbẹ́ ẹtu kò pa ẹtu.

Mo jókòó, mo ronú. Bátìrì ń dín kù. Ó ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé mi ò lè ṣe é mọ́, kí n tọrọ ẹyẹ mi, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, ó ti yí i sí ibi tí omi ń kán sí, ó ń dúró de ohùn yẹn bí Àwẹ̀ró ṣe ń dúró de ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú nǹkan dání."

Mo já koríko kan tó ní irun wẹ́wẹ́ lára, mo ní kó gbé e dúró síbi tí ẹ̀kán omi ń balẹ̀ sí gan-an, kó má yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Kò sí igbi kankan nígbà tó rìn débẹ̀. Mo fa aṣọ bo orí mi àti ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa ohun tí mò ń wò, mo tẹ ohun tó ń mú àwòrán tóbi, koríko kún ojú gíláàsì náà. Mo wá ń yí òrùka. Ó ń mọ́ bọ̀, ó mọ́, mo jẹ́ kó kọjá títí ó tún fi ṣú. Mo dá a padà, ó mọ́, mo tún jẹ́ kó kọjá díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń lọ tí mo ń bọ̀, tí àlọ àti àbọ̀ náà ń kúrú sí i, títí mo fi lè ka irun ara koríko náà níkọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀rá alẹ̀mọ́ lẹ òrùka náà pa, kí ọwọ́ mi má baà ṣì í.

Mo ní, "Ẹ rọra yọ koríko. A ó dúró de oòrùn."

A dúró. Nígbà tí oòrùn bọ́ sí ihò òkè yẹn tó sì dà sórí omi, mo dín ihò inú awò kù díẹ̀, kí ibi tó ń hàn kedere lè nípọn sí i. Mo mú èémí dúró bí ìgbà tí mo bá fẹ́ fa ìbọn. Ẹ̀kán omi já, mo tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà.

Mo gbé e fún un láìtíì wò ó fúnra mi. Ẹ̀kán omi wọlé jẹ́jẹ́, omi rọ̀ wálẹ̀ bí abọ́, etí abọ́ náà ga sókè, ó di adé. Láàárín adé yẹn, ọmọ kan dìde, kò ga ju èékánná mi lọ, omi ni ara rẹ̀, oòrùn sì wà nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó ní imú ìyá rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra padà sínú omi.

Ìyá Adágún gbé ojú gíláàsì náà sún mọ́ ojú. Ó wá ní, "Èmi ló ń wò. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ti lọ láì rí mi, èmi ló ń wò."

Ó ní kí n tún fi fídíò náà hàn òun, mo tún fi hàn án. Ìgbà méje ni. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, mò ń rí àmì bátìrì tó ń kéré, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àmì náà pọ́n, òun fúnra rẹ̀ gbé ojú sókè sí mi.

Ó ní, "Kí ló mú omi wá sójú rẹ?"

"Kò sí, Ìyá. Ìyàwó mi ni mo rántí."

Ó dá kámẹ́rà padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo ti jẹ nínú oúnjẹ ìyàwó rẹ. Jẹ́ ká tọ́jú èyí tó kù." Ó na apá sí ẹ̀gbẹ́ kejì adágún, níbi tí òjìji ọ̀pẹ kan ti pín omi sí méjì. "Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà ń gbà. Ẹnu wọn kì í kan omi níbòmíràn." Ó rì, ìka rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ jáde lórí òjìji náà. Mo gbé kámẹ́rà sí i, mo fa aṣọ borí, mo ṣí ọ̀rá alẹ̀mọ́ náà, mo yí òrùka, ó kọjá, mo dá a padà, ó kọjá, mo dá a padà, títí ìlà ara ìka rẹ̀ fi hàn bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo lẹ òrùka pa. Ìka náà wọlẹ̀, omi pa ojú dé.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mẹ́ta dé láti òkè. Àkọ́kọ́ kọjá, n kò tẹ̀ ẹ́. Ìkejì kọjá, n kò tẹ̀ ẹ́. Ìkẹta rẹ apá sílẹ̀ sí òjìji ọ̀pẹ gẹ́lẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ 'ṣíì' lórí omi, kámẹ́rà sì kú lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ bóyá mo mú un, n kò mọ̀ bóyá mo pàdánù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún adágún náà. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni 'tó', àti ohùn ìyá kan tó ń dáhùn.

Mo gba ọ̀nà mìíràn délé. Àwẹ̀ró dìde lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kí i. Ó fi ọwọ́ wá ojú mi, ó fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀gún ti ya mí létí, kò bi mí léèrè ẹyẹ. Omi gbígbóná ló bi mí bóyá mo fẹ́.

Mo fi bátìrì sí ẹnu iná mànàmáná kó gba agbára. Nígbà tó kún, mo lè yọjú wò ó fúnra mi kí n tó fi hàn án, kí n mọ irú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ bí kò bá dára. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí yóò bá ṣú, kó ṣú fún àwa méjèèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a jókòó sórí ẹní, mo fi aṣọ rẹ̀ bo orí àwa méjèèjì bí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré, mo gbé ojú gíláàsì náà sí ibi tí ihò ọparun rẹ̀ wà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹyẹ náà wọlé láti apá òsì. Ó hàn kedere, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tó ń dán, ọ̀fun rẹ̀ pupa bí epo, ó ń gbé apá sókè, ó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ. Ó la ẹnu, ẹnu ìsàlẹ̀ kan omi, omi ya, ìlà fàdákà kan tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó pa ẹnu dé, ó gbéra. Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ní ìgbà kẹta, ó ní, "Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

"Kí ló ṣe ojú rẹ̀?"

"Ó dì í."

Èmi tí mo yí òrùka, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọdẹ láti ogójì ọdún, n kò rí i. Mo dá fídíò náà dúró, mo tẹjú mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Kí ẹnu rẹ̀ tó kan omi, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú ẹyẹ náà, kò sì ṣí i títí ó fi mu tán.

Àwẹ̀ró gbé orí lé mi léjìká lábẹ́ aṣọ yẹn. "Kò rí omi tó ń mu," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣì í." Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé nǹkan síbi tí yóò ti rí i mú lọ́la.

Kí iṣu tuntun tó jáde, ihò náà dí. Ní àárọ̀ tó dí pátápátá, ó sọ fún mi lórí ibùsùn. Mo dìde láti bu omi fún un, mo fẹ́ ki ife bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé e sórí àga níbi tó máa ń wà, kí n sì jókòó. Mo jókòó. Ó na ọwọ́, ó gbé ife náà láìtàsé, ó sì mu omi.